Ṣé Ọdún Òrìṣà Ni Kérésìmesì? Ibi Tí Àwọn Àṣà Rẹ̀ Ti Wá àti Ohun Tí Wọ́n Túmọ̀ Sí

Kí oṣù Kejìlá tó jìnnà, àwọn ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ á ti máa ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn. Èyí á ní ọjọ́ ìbí Nímírọ́dù ni ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá. Tọ̀hún á ní oòrùn làwọn ará Róòmù àtijọ́ ń bọ lọ́jọ́ náà, pé ṣe làwọn Kristẹni kàn pààrọ̀ orúkọ rẹ̀. Òmíràn á ní ẹni tó gbé igi Kérésìmesì sínú ilé ti gbé òrìṣà wọlé, á sì ṣí Jeremáyà orí kẹwàá láti fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó ti ń ṣọdún yìí láti kékeré á wá káwọ́ lérí, á máa bi ara rẹ̀ pé àbí ẹ̀ṣẹ̀ lòun ti ń dá látọjọ́ yìí.

Mo mọ àwọn tí irú ọ̀rọ̀ báyìí ti gba ayọ̀ ọdún mọ́ lọ́wọ́. Ó ń dùn mí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n gbọ́ ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, èyí tó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀, wọn ò sọ ọ́ délẹ̀ fún wọn. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ra. Ọjọ́ wo ni wọ́n bí Jésù? Ibo làwọn àṣà ọdún náà ti wá? Kí ni ẹni tó ń ṣe é lónìí ní lọ́kàn? Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀, ká mú wọn níkọ̀ọ̀kan.

Kí ni Kérésìmesì gan-an?

Inú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni orúkọ náà ti wá. "Cristes mæsse" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn máàsì Kristi, ìsìn tí ìjọ ń péjọ ṣe ní orúkọ Kristi. Ẹnu Yorùbá ló sọ ọ́ di Kérésìmesì. Ní ti "Xmas" táwọn kan ń kọ, tínú sì ń bí àwọn mìíràn pé wọ́n ti yọ Kristi kúrò, kò sí ẹni tí wọ́n yọ. Lẹ́tà Gíríìkì kan ni X yẹn, òun ló sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ Christos ní èdè tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun. Ó ti pẹ́ gan-an táwọn Kristẹni fúnra wọn ti ń fi lẹ́tà yẹn gé orúkọ Olúwa wọn kúrú.

Ohun tí ọdún náà dá lé ni Jòhánù kọ ní ẹsẹ kan: "Ọ̀rọ̀ náà sì di ara, òun sì ń bá wa gbé." Ìgbàgbọ́ Kristẹni ni pé Ọlọ́run tó dá ayé gbé ara ènìyàn wọ̀. Wọ́n bí i bí wọ́n ṣe ń bí gbogbo ọmọ. Ebi pa á, ó sunkún, ìyá rẹ̀ fi ọ̀já wé e, ó sì tẹ́ ẹ sínú ibùjẹ ẹran. Ìgbárawọ̀ lorúkọ ẹ̀kọ́ yìí, ìyẹn ni pé Ọlọ́run gbé ara wọ̀, òun sì ni ọkàn Kérésìmesì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló jẹ́ kí ìjọ lè máa ṣe ọdún náà láìmọ ọjọ́ gan-an tí ìbí náà wáyé.

Ẹ wo àgbàlagbà kan tí wọ́n bí láyé tí ẹnikẹ́ni kì í kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó, wọ́n fẹnu kò sí ọjọ́ kan, wọ́n sì ń bá a yọ̀ lọ́jọ́ náà lọ́dọọdún. Ó lè má jẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n bí i. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó máa wò wọ́n kó ní irọ́ ni wọ́n ń pa, torí bàbá náà rèé níwájú wọn.

Ṣé Bíbélì sọ ọjọ́ tí wọ́n bí Jésù?

Kò sọ ọ́. Nínú ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Mátíù àti Lúùkù nìkan ló sọ ìtàn ìbí náà. Mákù bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí Jésù ti dàgbà, tó wá ṣèrìbọmi; Jòhánù ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti àtètèkọ́ṣe. Lúùkù sọ pé àwọn olùṣọ́-àgùntàn wà ní pápá, wọ́n ń ṣọ́ agbo wọn lóru. Àwọn kan dúró lórí ìyẹn pé kò lè jẹ́ ìgbà òtútù, àwọn mìíràn sì ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ kan ṣoṣo yẹn kò lè gbé ẹrù ńlá tí wọ́n ń dì rù ú.

Ọdún pàápàá kò ṣe régí. Mátíù ní ayé Hẹ́rọ́dù ọba ni wọ́n bí Jésù, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ọdún 4 ṣáájú Sànmánì Kristẹni ni Hẹ́rọ́dù kú. Mọ́ńkì kan ní Róòmù, Dionysius Exiguus, ló ṣe ìṣirò ọdún tí ayé ń kà títí dòní, lọ́dún 525, ìṣirò rẹ̀ sì fi ọdún mélòó kan tàsé.

Àwọn Kristẹni ìjímìjí kò tilẹ̀ ka ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí sí. Àjíǹde ni ọdún tiwọn. Origen, ọ̀mọ̀wé ńlá nínú ìjọ ní ọ̀rúndún kẹta, sọ pé nínú Ìwé Mímọ́, àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ bíi Fáráò àti Hẹ́rọ́dù ló ń ṣe àjọyọ̀ ọjọ́ ìbí wọn. Ṣáájú rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 200, Clement ará Alẹkisáńdíríà ti kọ ọ́ pé àwọn kan ń gbìyànjú láti ṣírò ọjọ́ ìbí Olúwa, àwọn kan nínú wọn sì mú un sí oṣù Karùn-ún.

Báwo wá ni ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ṣe dé?

Ibí yìí ni ìjà wà jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́dún 354, ẹnì kan tó mọ ọwọ́ ìwé kíkọ dáadáa, Filocalus, ṣe ìwé kalẹ́ńdà fún ọlọ́rọ̀ kan ní Róòmù tó ń jẹ́ Valentinus. Ní abala kan nínú ìwé náà, níbi tí wọ́n ti to orúkọ àwọn ajẹ́rìíkú ìjọ, ìlà àkọ́kọ́ sọ pé lọ́jọ́ 25 oṣù Kejìlá ni wọ́n bí Kristi ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ti Jùdíà. Àwọn òpìtàn gbà pé láti ọdún 336 ni wọ́n ti ṣe àkójọ orúkọ náà. Àmọ́ ẹ ṣí ìwé kan náà sí abala mìíràn, níbi tí àwọn ọdún ìlú wà. Níwájú ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ ìbí "Invictus" ni, Ẹni-tí-a-kò-lè-ṣẹ́gun, pé wọ́n á sì sá eré kẹ̀kẹ́-ẹṣin 30 lọ́jọ́ náà. Orúkọ oyè oòrùn ni Invictus yẹn. Ọdún oòrùn àti ọdún Kristi wà nínú ìwé kan ṣoṣo, ojú ewé ló là wọ́n láàárín.

Látibẹ̀ ni àlàyé méjì ti jáde.

Àkọ́kọ́ ni pé ìjọ gba ọjọ́ náà lọ́wọ́ àwọn abọrẹ̀ oòrùn. Ọba Aurelian kọ́ tẹ́ńpìlì fún oòrùn ní Róòmù lọ́dún 274. Lápá àríwá ayé, ìparí oṣù Kejìlá ni òru máa ń gùn jù, lẹ́yìn náà ni ojúmọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn sí i díẹ̀díẹ̀. Bí oòrùn ṣe ń padà bọ̀ yẹn ni wọ́n ń yọ̀ sí. Àwọn Kristẹni, tí wòlíì Málákì ti bá Olúwa wọn sọ orúkọ rẹ̀ ní Oòrùn òdodo, wá ní ọjọ́ tiwọn rèé.

Àlàyé kejì kò gbajúmọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀, ìṣirò ni. Àwọn Kristẹni kan nígbà àtijọ́ gbà pé ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ni wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú. Wọ́n tún gbà pé ọjọ́ tí ó kú ni ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀, kí ayé rẹ̀ lè pé láìlábùkù. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo ní àríwá Áfíríkà, kọ èyí sílẹ̀ gbangba. Tí oyún bá dúró ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, ẹ ka oṣù mẹ́sàn-án: ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ló bọ́ sí. Ní apá ìlà-oòrùn, àwọn kan fi ikú náà sí ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin. Ẹ ka oṣù mẹ́sàn-án látibẹ̀: ọjọ́ 6 oṣù Kìíní. Ọjọ́ yẹn gan-an sì ni àwọn ará ìlà-oòrùn kọ́kọ́ ń ṣọdún náà.

Èmi fara mọ́ ti ìṣirò jù. Ti oòrùn lè sọ bí ọjọ́ kan ṣe dé, àmọ́ ìṣirò sọ bí ọjọ́ méjèèjì ṣe dé. Síbẹ̀ mi ò ní bá ẹni tó ní méjèèjì ló ṣiṣẹ́ pọ̀ jà, torí ẹni tí ìṣirò rẹ̀ bá ti bọ́ sí ọjọ́ tí gbogbo ìlú ń yọ̀, inú rẹ̀ á dùn sí i ni. Ohun tí kò sí ẹ̀rí fún ni pé ọba kan tàbí Pọ́ọ̀pù kan jókòó, ó mú ọdún òrìṣà, ó sì kọ orúkọ Jésù lé e lórí.

Ọdún Saturnalia tí wọ́n tún máa ń dárúkọ, ìyẹn ọdún òrìṣà Saturn tí àwọn ará Róòmù ń ṣe, ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ló ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tó bá sì máa fi di ọjọ́ 25, ó ti parí. Wọ́n ń fúnra wọn lẹ́bùn nínú rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn amòye náà kúkú mú ẹ̀bùn wá fún Jésù.

Nímírọ́dù ńkọ́?

Jẹ́nẹ́sísì orí kẹwàá sọ pé ọdẹ alágbára ni Nímírọ́dù, ó sì dárúkọ àwọn ìlú ìjọba rẹ̀. Kò sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, kò sì sí àkọsílẹ̀ ayé àtijọ́ kankan tó sọ ọ́. Ìwàásù àti ìwé oníwàásù ará Scotland kan ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Alexander Hislop, ló tan ìtàn náà kálẹ̀. Ìjọ Kátólíìkì ló ń bá jà. Ẹni tó bá tún fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí yín, ẹ bi í pé ibo ni wọ́n kọ ọjọ́ ìbí náà sí kó tó di ìgbà ayé Hislop.

Tí àṣà kan bá ti ọwọ́ abọ̀rìṣà wá, ṣé òrìṣà náà ṣì wà nínú rẹ̀?

Ẹ gbé àwọn orúkọ ọjọ́ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì yẹ̀ wò. Sunday ni ọjọ́ oòrùn. Thursday ni ọjọ́ Thor, òrìṣà àrá tí wọ́n ń bọ ní àríwá Yúróòpù. January wá láti ara Janus, òrìṣà ẹnu ọ̀nà ní Róòmù. Ẹni tó bá ní òun á wá ní Thursday kò bọ Thor, oníwàásù tó ń bú Kérésìmesì náà sì ń kọ January sórí ìwé láìmikàn. Orúkọ náà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín.

Ìjọ pàápàá ti ronú lórí èyí láti ayébáyé. Lọ́dún 601, Pọ́ọ̀pù Gregory Ńlá kọ̀wé sí Mellitus, tó wà lára àwọn míṣọ́nnárì tó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí wọ́n má wó àwọn tẹ́ńpìlì tó wà níbẹ̀; ère inú wọn ni kí wọ́n fọ́, kí wọ́n wọ́n omi ìyàsímímọ́ sí ilé náà, kí wọ́n sì máa sin Ọlọ́run nínú rẹ̀, kí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn lè máa gba ọ̀nà tó ti mọ́ wọn lára lọ. Ẹnì kan lè má gba ìmọ̀ràn náà. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n fi pa mọ́ níbẹ̀, gbangba ni wọ́n kọ ọ́.

Kí ló dé táwọn kan fi ń ṣe é ní oṣù Kìíní?

Kalẹ́ńdà ló fà á. Ọdún inú kalẹ́ńdà tí Julius Caesar gbé kalẹ̀ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 gùn ju ọdún tòótọ́ lọ. Bí aago tó ń falẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni: ẹ ò ní mọ̀ lónìí, àfi tó bá pẹ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 1582, ó ti fi ọjọ́ 10 sẹ́yìn. Pọ́ọ̀pù Gregory Kẹtàlá tún un ṣe, wọ́n sùn ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, wọ́n jí sí ọjọ́ 15. Àwọn ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ti Rọ́ṣíà àti Serbia ṣì ń fi kalẹ́ńdà àtijọ́ ṣọdún, ìyàtọ̀ náà sì ti di ọjọ́ 13. Ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá tiwọn ló ń bọ́ sí ọjọ́ 7 oṣù Kìíní tiwa. Àwọn ará Etiópíà àti àwọn Kristẹni Kọ́ptíìkì ní Íjíbítì náà máa ń ṣe é nígbà yẹn. Àwọn ará Àméníà ní tiwọn kò tíì kúrò lórí ọjọ́ 6 oṣù Kìíní àtètèkọ́ṣe yẹn.

Ta ló kọ́kọ́ ṣe àwòrán ibùjẹ ẹran?

Nínú gbogbo àṣà ọdún yìí, eléyìí ló wù mí jù, torí kedere la mọ òru tó gbòde.

Ọdún 1223 ni, ní abúlé Greccio ní Ítálì, ọdún mẹ́ta ṣáájú ikú Francis ará Assisi. Francis ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá òun wá ibùjẹ ẹran, kó kó koríko gbígbẹ sínú rẹ̀, kó sì fa màlúù kan àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan wá. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí bí ara ṣe ni ọmọ náà tó, tí kò ní ohun tí ọmọ tuntun ń fẹ́. Lóru ọdún, àwọn ará abúlé mú àbẹ́là àti ògùṣọ̀ lọ́wọ́, òkè náà mọ́lẹ̀. Àlùfáà ṣe máàsì lórí ibùjẹ náà. Francis, tó jẹ́ díákónì, kọ Ìhìnrere lórin, ó sì wàásù. Thomas ará Celano, tó kọ ìtàn ayé rẹ̀, ní nígbà tó bá pe Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ohùn rẹ̀ máa ń dún bí igbe àgùntàn, á sì máa fi ahọ́n lá ètè bí ẹni tó ń tọ́ adùn orúkọ náà wò.

Màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn kò sí nínú ìtàn Lúùkù. Aísáyà orí kìíní ni wọ́n ti wá, níbi tó ti ní màlúù mọ olówó rẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì mọ ibùjẹ olúwa rẹ̀, àmọ́ àwọn èèyàn Ọlọ́run kò mọ̀. Ẹranko méjì tó dúró ti ọmọ náà ń bi ẹni tó ń wò wọ́n léèrè ọ̀rọ̀.

Igi Kérésìmesì: ṣé òun ni Jeremáyà ń bá wí?

Ẹ ka orí kẹwàá náà kọjá ẹsẹ kẹrin, ọ̀rọ̀ náà á yé yín. Igi tí oníṣọ̀nà fi àáké gbẹ́ ni Jeremáyà ń sọ, tí wọ́n fi fàdákà àti wúrà bò, tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ kó má bàa ṣubú. Ẹsẹ karùn-ún ní kò lè sọ̀rọ̀, àfi kí wọ́n gbé e torí kò lè rìn, kí ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ère ni. Ó sì ju 2,000 ọdún lọ lẹ́yìn Jeremáyà kí igi Kérésìmesì tó dáyé.

Àgbègbè Jámánì ló ti ṣẹ̀. Lọ́dún 1605, ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀ nípa ìlú Strasbourg pé wọ́n ń gbé igi fírì sínú yàrá, wọ́n á so òdòdó tí wọ́n fi bébà ṣe, èso ápù, àkàrà pẹlẹbẹ àti ṣúgà mọ́ ọn. Kí ni ápù ń wá níbẹ̀? Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ni wọ́n ń rántí Ádámù àti Éfà, wọ́n sì máa ń fi eré ṣe ìtàn ọgbà Édẹ́nì. Igi tí wọ́n so ápù mọ́ ni igi ọgbà náà. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé látinú eré yẹn ni igi náà ti bọ́ sínú ilé. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, igi tí èèyàn fi ṣubú ló dúró nínú yàrá lálẹ́, tí ilẹ̀ ọ̀la sì mọ́ bá Olùgbàlà. Àwọn bọ́ọ̀lù pupa rogodo tí wọ́n ń so mọ́ igi lóde òní ṣì jọ ápù.

Bàbá Kérésì

Bíṣọ́ọ̀bù ni. Nicholas, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Myra ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí, ní ọ̀rúndún kẹrin. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ jù ni ti bàbá òtòṣì kan tó ní ọmọbìnrin mẹ́ta, tí kò rówó tí á fi fà wọ́n fọ́kọ. Nicholas ń yọ́ wá lóru, ó ń ju àpò owó wúrà gba ojú fèrèsé. Ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ni ọjọ́ ìrántí rẹ̀. Àwọn ará Họ́láàńdì ń pè é ní Sinterklaas, orúkọ yẹn ló di Santa Claus ní Amẹ́ríkà. Ayàwòrán Thomas Nast bẹ̀rẹ̀ sí í yà á sínú ìwé ìròyìn láti ọdún 1863. Ilé-iṣẹ́ Coca-Cola mú un gbajúmọ̀ sí i láti ọdún 1931, àmọ́ ó ti ń wọ aṣọ pupa kí wọ́n tó bá a pàdé. Lójú mi, ohun tó sọnù lára rẹ̀ lójú ọ̀nà ni òru yẹn: ẹni tó ń fúnni lẹ́bùn tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ òun.

Ṣé àwọn Kristẹni kan wà tí kì í ṣe é?

Ó wà. Ní ọdún 1647, ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de ọdún náà, torí àwọn Pùrítánì, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tó fẹ́ fọ ìjọ mọ́, ní kò sí nínú Bíbélì, ọtí àti ariwo sì ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, láti 1659 sí 1681, owó ìtanràn ni ẹni tó bá ṣọdún ń san. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kì í ṣe é lónìí. Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò gbà á láyè, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, kò sì nílò ìtàn Nímírọ́dù láti fi gbè é lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ mélòó ni ọdún náà?

Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin ṣáájú rẹ̀ ni ìjọ fi ń múra, ìgbà Ádífẹ́ǹtì nìyẹn, ìgbà ìrètí. Ọdún gan-an bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 25, ó sì gba ọjọ́ méjìlá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, níbi tó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ni Ìfihàn, tí ìjọ ń rántí àwọn amòye láti ìlà-oòrùn. Mátíù kò sọ iye wọn. Ẹ̀bùn wọn ló jẹ́ mẹ́ta, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti sọ wọ́n di mẹ́ta. Kò sì ní ibùjẹ ẹran ni wọ́n bá ọmọ náà, ó ní inú ilé ni.

Bíṣọ́ọ̀bù Irenaeus ti ṣàlàyé àwọn ẹ̀bùn náà láti ọ̀rúndún kejì. Wúrà, torí ọba ni. Tùràrí, torí Ọlọ́run ni. Òjíá, torí ó máa kú: òjíá ni wọ́n fi ń tọ́jú òkú. Nínú Ìhìnrere Jòhánù, nígbà tí wọ́n sọ òkú Jésù kalẹ̀ lórí àgbélébùú, Nikodémù dé pẹ̀lú àdàpọ̀ òjíá àti álóè, wọ́n sì fi aṣọ ọ̀gbọ̀ wé e, bí ìyá rẹ̀ ṣe fi ọ̀já wé e lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́.